Lẹ́búlẹ́bú Funfun Tó Ń Dá Iná Dúró: Láti Ara Wáyà Ilé Wa Dé Ìléru Ògijo

Ẹ mú wáyà iná kan tó ti bàjẹ́, kí ẹ fi abẹ ṣí ara rẹ̀. Bàbà ló wà nínú, rọ́bà ló bò ó. Bàbà kọ́ ni ìṣòro, kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù pé bàbà máa gbiná nínú ilé. Rọ́bà yẹn ló yẹ ká béèrè ọ̀rọ̀ rẹ̀. Apá kan ara rẹ̀ wá láti inú epo rọ̀bì, wọ́n sì tún po òróró míì mọ́ ọn kó lè rọ̀, kó ṣeé tẹ̀. Síbẹ̀, inú rẹ̀ la ń gbé iná mọ̀nàmọ́ná gbà kọjá nínú ògiri yàrá tí ọmọ ń sùn sí. NEPA mú iná dé lójijì, fíríìjì ń fà á, áyọ́ọ̀nù ń fà á, wáyà gbóná, ẹnu ìsopọ̀ kan ti dẹ̀, iná ṣẹ́ pàrà. Kí ló dé tí ilé kì í jó lálaalẹ́?

Ìdáhùn rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Fíúùsì wà ńbẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ oníwáyà tó mọṣẹ́ wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan lára ìdáhùn náà ni lẹ́búlẹ́bú funfun kan tí wọ́n ń pò mọ́ rọ́bà ọ̀pọ̀ wáyà kó má baà tètè jóná. Orúkọ rẹ̀ ni antimony trioxide. Òun ni ẹ̀kọ́ wa lónìí: ohun tó jẹ́, bó ṣe ń ṣiṣẹ́, ibi tí wọ́n ń lò ó, àti bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe kan Ògijo, ìlú tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ṣágámù, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìkòròdú.

Tí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun tí mo bá sọ, ẹ má gbàgbé èyí: iná kì í jó mẹ́táàlì dànù. Igi lè jó di eérú, ike lè jó di èéfín, ṣùgbọ́n átọ́ọ̀mù mẹ́táàlì tó wọ inú iná náà ló máa jáde. Ibi tó wà nìkan ni iná ń yí padà. Ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ.

Sb: orúkọ tó wá láti ojú

Antimony jẹ́ ọ̀kan lára àwọn èròjà ìpìlẹ̀ tí wọ́n tò sórí tábìlì tó wà lára ògiri kíláàsì kẹ́mísìrì. Nọ́ńbà rẹ̀ ni 51, àmì rẹ̀ sì ni Sb. Ẹ lè ní, "A ò rí S, a ò rí b nínú antimony, báwo ló ṣe jẹ́?" Orúkọ rẹ̀ lédè Látìn, stibium, ni wọ́n ti mú àmì yẹn. Lẹ́búlẹ́bú dúdú tí àwọn èèyàn ayé àtijọ́ fi ń kun ojú ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí àwa ń pè ní tìróò.

Òkúta tí wọ́n ń lọ̀ fún irú tìróò bẹ́ẹ̀ ni stibnite, tó jẹ́ antimony àti imí ọjọ́ tó so pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ o. Òkúta míì wà tó jọ ọ́, tó dúdú, tó ń dán, tó sì máa ń di ẹ̀tù dúdú tí wọ́n bá lọ̀ ọ́. Galena lorúkọ rẹ̀. Òjé àti imí ọjọ́ ló wà nínú tiẹ̀. Ojú lásán kò rọrùn láti fi yà wọ́n sọ́tọ̀, òjé ló sì máa ń wà nínú ọ̀pọ̀ tìróò tí wọ́n ń tà lónìí. Ní 2011, àwọn dókítà ní Boston, ní Amẹ́ríkà, rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan. Nígbà tí wọ́n tọpa rẹ̀, tìróò tó wá láti Nàìjíríà, tí wọ́n fi ń lé ojú ọmọ náà, ni wọ́n bá pàdé. Wọ́n yẹ tìróò náà wò, ìdá 82.6 nínú 100 rẹ̀ ló jẹ́ òjé. Ẹni tó lé tìróò fún un kò mọ̀ pé májèlé ni.

Antimony àti òjé dà bí ọmọ ìyá méjì tó máa ń bá ara wọn rìn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí wọ́n tún máa jọ yọ sí wa níwájú.

Iná dà bí MMM

Ká tó mọ bí nǹkan ṣe ń dá iná dúró, ó yẹ ká mọ bí iná fúnra rẹ̀ ṣe ń jó.

Igi tàbí ike kì í jó gan-an gan-an bí a ṣe rò. Ooru ló kọ́kọ́ máa ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ títí yóò fi di gáàsì, gáàsì yẹn ló wá ń jó. Ẹ wo àbẹ́là tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ pa: èéfín funfun kan á máa gòkè láti ara òwú rẹ̀. Tí ẹ bá tètè mú ìṣáná sún mọ́ èéfín yẹn, iná á fò padà sórí òwú láìjẹ́ pé ìṣáná kàn án. Gáàsì àbẹ́là ni èéfín náà, òun ni oúnjẹ iná.

Nínú ọwọ́ iná, ègé kéékèèké wà tí ara wọn kò balẹ̀ rárá. Ọ̀kan ni átọ́ọ̀mù háídrójìn tó dá wà, tí kò ní ẹnìkejì. Tó bá kọlu ọ́síjìn, ègé aláìbalẹ̀ méjì ló máa jáde. Àwọn méjì yẹn á tún kọlu gáàsì míì, wọ́n á bí òmíràn. Ẹyọ kan di méjì, méjì di mẹ́rin, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, wọn ò lóǹkà mọ́.

Ẹni tó bá rántí 2016 ní Nàìjíríà á ti mọ irú ètò yìí. MMM ni! Ẹnì kan wọlé, ó mú ẹni méjì wá, àwọn méjì mú tiwọn wá, ó ń gbóná, ó ń gbilẹ̀. Ìgbà tí àwọn tuntun kò tó mọ́ ló dá dúró, lóṣù Kejìlá ọdún náà, tí owó ọ̀pọ̀ èèyàn sì há sínú rẹ̀. Bí iná ṣe ń gbilẹ̀ nìyẹn, bó sì ṣe ń kú náà nìyẹn. Tí àwọn ègé tuntun kò bá wọlé mọ́, ó ti parí.

Ọ̀nà mẹ́rin ló wà láti pa iná. Ẹ lè gba ooru lọ́wọ́ rẹ̀, bí omi ṣe ń ṣe. Ẹ lè gba afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bí yanrìn ṣe ń ṣe. Ẹ lè gbé ohun tó ń jó kúrò níwájú rẹ̀. Ọ̀nà kẹrin ni pé kí ẹ mú àwọn tó ń pe èèyàn wọlé nínú MMM yẹn, kí ẹ tì wọ́n mọ́lé. Ọ̀nà kẹrin yìí ni iṣẹ́ antimony trioxide.

Kò lè dá a ṣe

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu nípa lẹ́búlẹ́bú yìí ni pé òun nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ lè ṣe nǹkan kan. Tí ẹ bá pò ó mọ́ ike tí wọ́n fi ń ṣe náílọ́ọ̀nù, ike náà á ṣì máa jó. Ó gbọ́dọ̀ ní ẹnìkejì, ẹnìkejì náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ chlorine tàbí bromine.

Rọ́bà ara wáyà, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ PVC, ní chlorine tirẹ̀ láti ilé. Nínú PVC tí wọn ò tíì po nǹkan kan mọ́, nǹkan bí ìdá 57 nínú 100 ìwọ̀n rẹ̀ ló jẹ́ chlorine, ara iyọ̀ sì ni wọ́n ti ń yọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí páìpù omi líle, tó jẹ́ PVC, kì í fi í tètè gbiná. Àwọn onímọ̀ máa ń wọn èyí nípa bíbéèrè pé: ọ́síjìn mélòó nínú 100 ló gbọ́dọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ kí nǹkan yìí tó lè máa jó lọ? Afẹ́fẹ́ tí à ń mí ní 21. Ike náílọ́ọ̀nù nílò nǹkan bíi 18 péré, ìdí nìyẹn tó fi ń jó fàlàlà. PVC líle nílò ju 40 lọ, torí náà, tí ẹ bá gbé iná kúrò lára rẹ̀, ó máa kú fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ta ló lè fi páìpù líle ṣe wáyà? Ó gbọ́dọ̀ rọ̀. Òróró tí wọ́n fi ń rọ̀ ọ́ sì máa ń jó dáadáa, ó lè fa nọ́ńbà yẹn wálẹ̀ títí dé ogún lé díẹ̀. Ibi tí antimony trioxide ti wọlé nìyí. Díẹ̀ ni wọ́n ń fi sí i, bí ìwọ̀n 3 sí 5 nínú 100.

Tí wáyà bá gbóná jù, PVC á bẹ̀rẹ̀ sí í tú háídrójìn kílóráìdì jáde. Ẹ̀mí gáàsì yìí máa ń ta imú, ó jẹ́ ásíìdì. Lẹ́búlẹ́bú funfun wa á bá a so pọ̀ báyìí:

Sb₂O₃ + 6HCl → 2SbCl₃ + 3H₂O

SbCl₃ tó jáde yìí máa ń hó ní nǹkan bíi 220°C. Lójú iná, 220 kò jẹ́ nǹkan kan, nítorí náà gáàsì ló máa dà, á sì wọnú ọwọ́ iná lọ tààrà. Ibẹ̀ ni yóò ti máa mú àwọn átọ́ọ̀mù háídrójìn tí ara wọn kò balẹ̀ yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, á sọ wọ́n di ohun tí kò lè kọlu ẹnikẹ́ni. Iná á wá a tì, kò ní rí ègé tuntun. Chlorine nìkan lè ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n antimony ló ń gbé e débi tó yẹ kó dé, tó sì ń sọ agbára rẹ̀ di púpọ̀. Ẹ tún wo SbCl₃ yẹn: antimony kan, chlorine mẹ́ta. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń po ike fi máa ń wá ìwọ̀n tó sún mọ́ ẹyọ kan sí mẹ́ta.

Ohun kan wà tí àwọn olùtajà kì í sọ. Torí pé ó ń dá iná dúró láàárín ọ̀nà, ohun tó ń jó kì í jó tán. Èéfín á wá pọ̀, á dúdú, á sì ta imú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yàgò fún un ní àwọn ibi tí èèyàn ò ti lè tètè sá jáde, bí ihò ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Irú wáyà tí kò ní chlorine rárá ni wọ́n ń lò níbẹ̀. Aluminium hydroxide ni wọ́n sábà máa ń pò mọ́ ọn, omi ló sì ń tú jáde tó bá gbóná. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ pọ̀ gan-an kó tó lè ṣiṣẹ́, ó lè tó ìlàjì gbogbo ìwọ̀n rọ́bà náà tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìwà rẹ̀ àti ibi tí ẹ ti lè pàdé rẹ̀

Ó funfun, ó wúwo ju bó ṣe rí lójú lọ, díẹ̀ báyìí ló ń yòrò nínú omi, ó sì máa ń yọ́ ní 656°C. Èmi tí mo ń ka másítà nínú kẹ́mísìrì, inú ìgò kékeré onídèérí ni mo ti mọ̀ ọ́n. Wọn kì í jẹ́ ká ṣí i láìsí ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú.

Àwọn ibi tó wà nìyí:

• Rọ́bà wáyà àti tapólì PVC, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ṣàlàyé.

• Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, ara kọ̀ǹpútà àti pátákó inú rẹ̀. Ike wọn kò ní chlorine, nítorí náà èròjà tó ní bromine ni wọ́n máa ń pò pọ̀ mọ́ antimony níbẹ̀.

• Aṣọ ìjókòó ọkọ̀ àti ti bàálù, àti aṣọ fèrèsé òtẹ́ẹ̀lì ńláńlá.

• Ìgò omi àti ìgò mínírà oníke. Kì í ṣe torí iná níbí o. Òun ni wọ́n fi ń mú kí ike PET tètè di ike nígbà tí wọ́n bá ń sè é, nǹkan bíi 200 sí 300 mílígíráàmù antimony sì máa ń kù sínú kílò ike kan. Ìwọ̀nba tó ń yọ sínú omi kéré gan-an, ó sábà máa ń wà nísàlẹ̀ 20 máíkírógíráàmù nínú lítà kan tí àjọ WHO fi ṣe òdiwọ̀n. Ooru ló ń mú un pọ̀ sí i, nítorí náà ẹ má fi ìgò omi sínú ọkọ̀ lábẹ́ oòrùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kẹ́ ẹ tó mu ún. Ní ti pure water inú náílọ́ọ̀nù, ike tiẹ̀ yàtọ̀, wọn kì í fi antimony sè é.

• Gíláàsì, níbi tó ti ń lé ihò afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ jáde kí gíláàsì lè mọ́ kedere.

Orílẹ̀-èdè China ló ń wa antimony jù láyé. Nígbà tí wọ́n fi òfin dé bí wọ́n ṣe ń tà á sókè òkun ní oṣù Kẹsàn-án 2024, owó rẹ̀ fò lọ sókè káàkiri ayé. Nǹkan tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, àwọn orílẹ̀-èdè ń jà lé e lórí.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n ń jó o, wọ́n sì ń mú èéfín rẹ̀

Ibí yìí ló máa gbé wa dé Ògijo, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fọkàn bá mi lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń rí antimony trioxide? Wọ́n máa ń mú mẹ́táàlì antimony, wọ́n á mú un gbóná gidigidi nínú afẹ́fẹ́ títí yóò fi gbiná. Èéfín funfun nínípọn á jáde lára rẹ̀. Èéfín yẹn gan-an ni ọjà! Wọ́n á darí rẹ̀ gba inú páìpù gígùn kó tutù, wọ́n á wá gbà á sínú àwọn àpò aṣọ ńláńlá tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ á kọjá, lẹ́búlẹ́bú á dúró sínú àpò. Wọ́n á gbọn àpò, wọ́n á di ohun tó bọ́ sílẹ̀ sínú àpò títà, ó di owó.

Tí kò bá wá sí àpò aṣọ yẹn ńkọ́? Tàbí tó ti ya? Lẹ́búlẹ́bú kan náà ni yóò jáde, ṣùgbọ́n orí òrùlé, orí ewébẹ̀ àti inú imú àwọn èèyàn ni yóò bà sí.

Bátìrì, òjé, àti Ògijo

Òjé rọ̀ jù. Ẹ lè fi èékánná hà á. Tí ẹ bá fẹ́ kó le, antimony díẹ̀ ni ẹ máa pò mọ́ ọn. Ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Òjé tí wọ́n po antimony àti tánganran mọ́ ni wọ́n fi ń ṣe lẹ́tà tí àwọn atẹ̀wé ayé àtijọ́ ń tò. Irú iṣẹ́ lẹ́tà títò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi tẹ Ìwé Ìròyìn tí Henry Townsend dá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1859. Ní ọdún 1859 kan náà, ní ilẹ̀ Faransé, Gaston Planté ṣe bátìrì olójé àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, antimony wọ inú bátìrì náà, torí pé férémù òjé tó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ le kó má baà tẹ̀. Antimony yìí ló tún ń fà á tí omi bátìrì fi máa ń gbẹ, tí wọ́n fi ń sọ fún yín pé kẹ́ ẹ máa bu omi sí i. Àwọn bátìrì tuntun tí wọn kì í ṣí, calcium ni wọ́n sábà máa ń lò dípò rẹ̀.

Nàìjíríà sì kún fún bátìrì. Ti mọ́tò ń bẹ, ti inverter ń bẹ, ti sólà ń bẹ, ti jẹnẹrétọ̀ ń bẹ. Tí wọ́n bá kú, àwọn tó ń ké "kọ́ńdẹ́ẹ̀mù bátìrì" kiri àdúgbò á rà wọ́n, wọ́n á kó wọn fún àwọn ọlọ́jà ńlá, àwọn ọlọ́jà ńlá á kó wọn lọ sí ilé iṣẹ́ tó ń yọ́ wọn. Ògijo wà lára ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí jù ní orílẹ̀-èdè yìí.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ nìyí. Wọ́n á fọ́ bátìrì, ásíìdì inú rẹ̀ á jáde. Wọ́n á kó òjé inú rẹ̀, èyí tó ti di ẹrẹ̀ àti èyí tó ṣì le, sínú ìléru pẹ̀lú èédú àti irin wẹ́wẹ́. Òjé máa ń yọ́ ní 327°C, ṣùgbọ́n ìléru gbọ́dọ̀ gbóná ju ìyẹn lọ gan-an kí òjé tó ti di ìpẹtà tó lè padà di mẹ́táàlì. Ohun tó máa jáde kì í ṣe òjé nìkan, antimony wà nínú rẹ̀. Láti yọ antimony kúrò, wọ́n á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tàbí ohun tó ní ọ́síjìn kọjá lára òjé gbígbóná náà. Antimony máa ń fẹ́ràn ọ́síjìn ju òjé lọ, torí náà òun ló máa kọ́kọ́ bá a so pọ̀, á léfòó sókè bí ìfófòó, wọ́n á bù ú kúrò. Díẹ̀ nínú rẹ̀ á fò lọ bí èéfín.

Ṣé ẹ ti mọ ohun tó wà nínú èéfín yẹn? Antimony trioxide wà níbẹ̀, lẹ́búlẹ́bú funfun wa láti òkè. Àmọ́ kò dá rìn. Ọmọ ìyá rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀, òjé ló sì pọ̀ jù, tó sì léwu jù.

Ní oṣù Kọkànlá 2025, ilé ìròyìn The Examination àti New York Times gbé ìwádìí kan jáde lórí Ògijo. Àwọn èèyàn 70 tó ń gbé nítòsí àwọn ilé iṣẹ́ náà tàbí tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn ló yọ̀ǹda ẹ̀jẹ̀ wọn fún àyẹ̀wò. Nínú èèyàn 10, èèyàn 7 ló ní òjé tó lè ṣe wọ́n ní jàǹbá. Gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nínú wọn ló ní in. Àwọn ọmọdé náà wà níbẹ̀, àwọn tí kò fọwọ́ kan bátìrì rí láyé wọn. Ìròyìn náà tún tọpa òjé láti ibẹ̀ dé Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti fi ń ṣe bátìrì mọ́tò tuntun.

Kí ni wọ́n ń ṣe lára?

Ní ti antimony trioxide, mímí eruku rẹ̀ sínú fún ìgbà pípẹ́ ló burú. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe é láyé àtijọ́ máa ń ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, àti kókó tó ń sú jáde lára níbi tí òógùn bá ti pọ̀. Ní 2022, àwọn onímọ̀ tí àjọ IARC, ẹ̀ka WHO tó ń rí sí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ, kó jọ gbé irú antimony yìí sí ìpele "ó ṣeé ṣe gan-an kó fa jẹjẹrẹ". Nínú rọ́bà wáyà tó wà lára ògiri yín, a ti há a mọ́, kì í fò jáde. Nínú èéfín, kò sóhun tó há a mọ́.

Ní ti òjé, WHO sọ ọ́ láìfi bọ̀rọ̀ pọ̀n: kò sí ìwọ̀n kankan nínú ẹ̀jẹ̀ tí a mọ̀ pé kò léwu. Tí ti ọmọdé bá tó 5 máíkírógíráàmù nínú dẹ̀sílítà kan, ó yẹ kí wọ́n wá ibi tó ti ń wá kí wọ́n sì dá a dúró. Ara ọmọdé máa ń gba òjé tó bá gbé mì ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbàlagbà. Ọpọlọ ló ń bà jẹ́, ohun tó bá sì bà jẹ́ níbẹ̀ kì í sábà padà bọ̀ sípò. Ọmọ lè máa gbàgbé nǹkan, kó máa yára bínú, kí wọ́n máa pè é ní olódo nílé ìwé, kẹ́nikẹ́ni má mọ̀ pé òjé ló wà nídìí rẹ̀. Èyí tó bá wá pọ̀ jù máa ń pa èèyàn. Ní Thiaroye-sur-Mer, nítòsí Dakar, láàárín ìparí 2007 àti ìbẹ̀rẹ̀ 2008, ọmọ 18 kú níbi tí wọ́n ti ń tú bátìrì àlòkù. Ní Zamfara tiwa níbí, ní 2010, òjé tó bá wúrà jáde nínú òkúta pa ó kéré tán 400 ọmọdé.

Kí la lè ṣe?

Ilé iṣẹ́ tó bá ń yọ́ òjé gbọ́dọ̀ ní àpò aṣọ tó ń sẹ́ èéfín, kí àpò náà sì dá ṣáká. Kì í ṣe ìmọ̀ tuntun, kì í ṣe idán. Àwọn tó ń ṣe antimony trioxide ń lò ó lójoojúmọ́, torí pé tiwọn, owó ni wọ́n ń pàdánù tí èéfín bá sá lọ. Tí èéfín bá sá lọ ní Ògijo, ọmọ ẹlòmíì ló ń san owó náà. Ìjọba ìpínlẹ̀ àti àjọ NESREA ló ni iṣẹ́ láti rí i pé ẹni tó ń jèrè ni kó san án.

Ní tiwa nínú ilé:

• Ẹ má fọ́ bátìrì, ẹ má sì da ásíìdì inú rẹ̀ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó tà á. Òjé wà nínú ásíìdì yẹn. Odidi ni kẹ́ ẹ gbé e fún ẹni tó ta tuntun fún yín.

• Ẹ má jó wáyà láti yọ bàbà inú rẹ̀, ẹ má sì dúró síbi tí wọ́n ti ń jó o. Gbogbo ohun tí mo ṣàlàyé lókè, ásíìdì àti antimony, inú èéfín dúdú yẹn ló ń gbà jáde, pẹ̀lú àwọn májèlé míì bíi dioxin. Abẹ ni kẹ́ ẹ fi bó o.

• Tí ẹ bá ń gbé nítòsí irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ dípò kẹ́ ẹ fi ìgbálẹ̀ gbígbẹ gbá a. Ẹ bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Kí ọmọ fọ ọwọ́ kó tó jẹun. Ẹ ṣan ẹ̀fọ́ dáadáa. Síse omi kì í yọ òjé kúrò, ẹ rántí pé iná kì í jó mẹ́táàlì dànù.

• Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kó pààrọ̀ aṣọ kó tó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

• Oúnjẹ tó ní irin àti calcium, bí ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹyin, wàrà àti ẹja tí wọ́n ń jẹ teegunteegun, kì í jẹ́ kí ara tètè gba òjé. Kì í ṣe oògùn o, ó kàn ń ranni lọ́wọ́ ni. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló lè sọ bọ́rọ̀ ṣe rí.

• Ẹ má lé tìróò fún ọmọ ìkókó.

Lẹ́búlẹ́bú funfun yìí kì í ṣe ọ̀tá wa. Ó ti gba ọ̀pọ̀ ilé lọ́wọ́ iná láìjẹ́ pé onílé mọ̀. Òjé náà kì í ṣe ọ̀tá, òun ló ń tan fóònù àti gílóòbù wa nígbà tí NEPA bá mú iná lọ. Bátìrì tó kú lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé yín lónìí ṣì ní gbogbo òjé tó ní lọ́jọ́ tí ẹ rà á, òjé yẹn sì máa lọ síbì kan. Nígbà míì tí ẹ bá fẹ́ gbé e fún ẹni tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù, ẹ bi í pé níbo ni wọ́n ti ń yọ́ ọ.